Aago Tí Bàbá Àgbà Kọlà Fún

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú mi méjèèjì yìí ló rí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹnikẹ́ni kò ròyìn rẹ̀ fún mi. Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì lọ, ẹ̀gbẹ́ bàbá tó bí bàbá mi ni mo máa ń jókòó sí tó bá ń ṣe aago. Láyé òyìnbó ló ti kọ́ṣẹ́ náà nídìí aago rélùwéè. Nígbà tó yá, ó ń fi igi ìrókò kan àpótí, ó ń ṣa irin inú aago tó ti kú jọ, ó ń sọ ọ́ di aago ògiri tuntun. Méje ló ṣe. Ìkeje, ìṣojú mi ni. Bó bá ti parí ọ̀kan, á fi ọ̀bẹ kọ ilà pélé mẹ́ta sínú ẹ̀yìn rẹ̀, bíi ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ó ní ọmọ tó bá nílà kì í sọnù.

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ṣùgbọ́n ní Penbrooke, àdúgbò tí à ń gbé nílùú òyìnbó, ẹni tó máa kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ aago kò tíì sí.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà snow, èmi àti ọmọbìnrin mi lọ kí nọ́ọ̀sì kan tó bímọ ní àdúgbò Copperfield. Ìyá rẹ̀, tó wá bá a tọ́jú ọmọ, gbé aago bàbá tirẹ̀ wá láti ilé. Mo rí i lára ògiri, mo ní bàbá àgbà mi ló ṣe é.

Ọmọ mi bojú. “Daddy, please, not here.”

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé gbogbo aago lẹ bá tan ni?”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀bẹ. Mo ní bí mi ò bá bá ilà mẹ́ta nínú rẹ̀, wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà lẹ́nu mi mọ́ títí mo fi máa kú. Ọmọ mi ní, “Deal.” Mo gbé aago náà sọ̀kalẹ̀, mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi àtàǹpàkò nu eruku: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta.

Ìyá náà ní, “Ẹ ò mà parọ́.”

Ọmọ mi fọwọ́ kan ilà náà, ó wá wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. “So where's yours, Daddy?”

Mi ò ní. Bàbá mi ló ní ayé ti là, kò jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ fún mi. Èmi náà ò sì kọ ọ́ fún ọmọ mi. Nígbà kan, ojú èèyàn la fi ń mọ ilé tó ti wá. Lónìí, PR, ìwé ìgbélùú, ni wọ́n ń béèrè.

Mo gbé aago padà sára ògiri wọn, torí kì í ṣe tèmi.

Méje ni bàbá àgbà kọlà fún. Méjì jóná mọ́ ilé kóòtù. Ìkeje, èyí tó ṣe níṣojú mi, bọ́ sómi lọ́jọ́ tí à ń kó kúrò nílé. Mẹ́ta, mo wá wọn títí, mi ò rí wọn. Mẹ́fà ló sọnù.