Ìkíni Abẹ́ Tábìlì

Tíṣà Othniel bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká apá awò náà méjèèjì pọ̀, ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ wọ àpò àyà. Lẹ́yìn náà ló rá wọ abẹ́ tábìlì.

Màdáámù Ìpàdéọlá, ọ̀gá ilé ìwé náà ní Hanwa nílẹ̀ Hausa, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń wo bàtà àgbàlagbà tó yọ síta.

"Tíṣà, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ni, mà. Ọmọ yìí ń sọ̀rọ̀. Kò tíì yé mi ni."

Suwebat ni ọmọ ọ̀hún, ọmọ Ìlọrin tí ìyá àgbà rẹ̀ ń tọ́ ní Sabon Gari. Bí Màdáámù bá ti wọlé, tí gbogbo kíláàsì dìde kí i, abẹ́ tábìlì ni Suwebat ń sá lọ bí eku tó rí ológbò. Ìwọ̀sí náà ti dun Màdáámù dé eegun.

"Tó bá tún ṣe é lọ́la, kó palẹ̀ báàgì ẹ̀ mọ́. A ò gbà á níbí mọ́."

"A gbọ́, mà," ohùn tíṣà dáhùn lábẹ́ tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ti àga yẹn sẹ́yìn. Mo ti há."

Bí olóògbé Othniel ṣe rí nìyẹn nígbà ayé rẹ̀. Á ní ọmọ kì í dédé ya ìpáǹle. Ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè gbé ni ara rẹ̀ ń gbé. Nígbà tí Muhyideen, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan, ń ké bí ewúrẹ́ lọ́sàn-án gangan, àwọn tíṣà yòókù wá pàṣán. Othniel ké padà. Òun àti Muhyideen ń bá ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn lọ títí ìyá Hausa kan fi yọ sí géètì, ó ní ewúrẹ́ òun wà nínú ọgbà. Wọ́n ní kí Muhyideen ké.

"A'a," ìyá ní, "kì í ṣe èyí."

Othniel ké.

"Yauwa! Òun nìyẹn! Ẹ tú u sílẹ̀!"

Kí wá ni Muhyideen ń sọ? Othniel rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Ó ń sọ pé òun mọ ewúrẹ́ í ké. Òótọ́ sì ni."

Ní ilé rẹ̀ ní Tudun Wada, ìmọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé ìkòkò kalẹ̀ gbàgà-gbàgà, ó jókòó tì í, ó rọra béèrè pé, "Ìyá Obed, kí ni ìkòkò yìí ń sọ?"

"Ìkòkò kọ́! Ẹnu ni mo fi ń sọ ọ́ láti àárọ̀! Ẹ lọ pọnmi!"

Ta ló wá máa gbà á gbọ́ lórí Suwebat? Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màdáámù wọlé pẹ̀lú ìpinnu rẹ̀. Kíláàsì dìde. Suwebat bẹ́ sábẹ́ tábìlì, ó bá tíṣà rẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ṣáájú dé.

"Màdáámù, ẹ wá gba ìkíni yín."

"Ìkíni wo?"

"Ó kúnlẹ̀ fún yín, mà. Orúnkún méjèèjì ló wà nílẹ̀. Bàtà yín ló ń kí."

"Suwebat, kí ló dé tó ò dúró kí mi bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ?"

Ohùn kékeré kan jáde. "Ìyá àgbà ní ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń dúró gbagidi kí àgbà. Ẹ̀yin náà ní ẹni tó bá kúnlẹ̀, tó da iyẹ̀pẹ̀ sí yunifọ́ọ̀mù, ẹ máa nà án. Mo wá ń kúnlẹ̀ níbi tẹ́ ò ti ní rí mi."

Màdáámù ló sọ ọ́ lóòótọ́. Obìnrin tó sanra ni. Ó wá ibi tó máa dìmú, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó fi orí gbá tábìlì, ó wọlé.

"Káàárọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ rọra, mà," Othniel ní. "A ti ń pọ̀ jù níbí."

Kò sí ẹni tó palẹ̀ báàgì mọ́.

Ìgbà òjò tó kọjá ni Othniel papò dà. Níbi ìsìnkú, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ké bí ewúrẹ́ títí pásítọ̀ fi nu ojú. Ìyá Obed náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní ilé ti dákẹ́ jù.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ padà sílé ìwé, Waheedat, ọmọ kíláàsì Othniel, kọ ojú àga rẹ̀ sí ògiri, ó kọ̀, kò yí padà. Bashir, tíṣà tuntun, mú pàṣán. Màdáámù di orí pàṣán náà mú.

"Gbé e sílẹ̀."

Ó wọ́ àga kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ náà, ó jókòó, òun náà kọjú sí ògiri. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá lóde, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, Waheedat fi orí ti apá Màdáámù.

Bashir sáré tẹ̀lé e nígbà tó jáde. "Màdáámù, kí ni ọmọ náà sọ?"

"Ohun tó ń dun èmi náà ni," Màdáámù ní, ó ń lọ. Ó kọjá ọ́fíìsì rẹ̀, kò yà.