Ọjọ́ tí Wọ́n Pe Bàámi Nínú Rédíò

Ọmọ mi, òórùn bátìrì gbígbóná yìí rán mi létí ọ̀sán kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo sá bátìrì rédíò wa sórí páànù kó lè tún lágbára, torí Màámi fẹ́ gbọ́ ìkéde láti Èkó, níbi tí Bàámi ti lọ ṣiṣẹ́ tí a ò gbúròó wọn mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n pe orúkọ Bàámi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

“Màámi, Bàámi ti di gbajúmọ̀.”

“Dákẹ́, jẹ́ n gbọ́.”

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé àwọn tí ará ilé ń wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, Bàámi gbé àpótí wọlé. Màámi gbà á lórí wọn.

“Ẹ káàbọ̀. Ṣé ó dìgbà tí rédíò bá pè yín kẹ́ ẹ tó mọ̀nà ilé?”