Ilẹ̀ Tí Mo Kọ Pé Ó Ṣófo

Ọ́fíìsì tó ń ṣètò ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣakí. Ìlú ń fẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń kọ́lé sójú àgbàrá, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sórí gọ́tà, ẹni tó bá sì bá wọn wí di ọ̀tá. Nígbà tí ìjọba ní ká ya máàpù tuntun, ibi ilé lọ́tọ̀, ibi oko lọ́tọ̀, ibi iléeṣẹ́ lọ́tọ̀, inú mi dùn gan-an ni.

Èmi ni wọ́n rán lọ wo ilẹ̀ apá ọ̀nà Ago-Amodu. Ẹ̀ẹ̀rùn la lọ. Iná ti jó igbó tán, kò sí ebè kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé apá ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó tọ́ mi dàgbà, ti dáko nígbà kan, mo sì rò pé àgbà ti dé, wọ́n ti pa á tì. Mo fẹ́ yà bi wọ́n. Ilé wọn ò jìnnà. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, dírébà ń kánjú. Mo kọ ọ́ pé, “Ilẹ̀ ṣófo.”

Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Èmi kì í ṣe àlejò! Iṣu ló tọ́ mi dàgbà, ó yẹ kí n mọ̀ pé ilẹ̀ tó bá ti ṣá a máa sinmi.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé máàpù náà wá sí gbọ̀ngàn káńsù, ibi iléeṣẹ́ ni wọ́n fi ilẹ̀ yẹn ṣe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde. Wọ́n ní ọdún kẹfà rèé táwọn ti fi í sílẹ̀ kó sinmi, àti pé oko táwọn ń dá lọ́wọ́ ti ṣá, kò gba iṣu mọ́.

“Ta ló ní kò lólóko?” Wọ́n nawọ́ sí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ẹ bi ọmọ mi tó jókòó sọ́hùn-ún yẹn.”

Ojú tì mí, mo dìde.

“Bàbá, èmi ni mo kọ ọ́.”

“Ìwọ? Ṣé o débẹ̀ ni?”

“Mo débẹ̀, sà.”

“O débẹ̀, o ò sì yà sílé?”

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n tún máàpù náà ṣe. Wọ́n ní fáìlì ti lọ sí Ìbàdàn. Lánàá mo bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lórí ilẹ̀ náà, wọ́n ń kọ ebè. N kò lè ní kí wọ́n dúró, n kò sì lè ní kí wọ́n máa kọ ọ́ lọ.