Bàtà Tó Tutù Lẹ́nu Ọ̀nà Opó

Bí òórùn íǹkì ìwé tuntun bá ti gbá mi nímú, àdúgbò Bajulaiye tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí ni ọkàn mi ń lọ. Àbúrò ìyá mi, tí mò ń pè ní Àǹtí, ló ń bá ilé ìtẹ̀wé ká pépà ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jọ jókòó lórí ẹní, ó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ ibi tó ká mọ́lẹ̀. Ó ní kí n máa ka ìtàn inú rẹ̀ sókè, kí oorun má bàa gbé òun lọ.

Mo dé ibi tí ẹnì kan ti ń kan ilẹ̀kùn opó kan, ni pépà bá tán. Wọn ò tíì tẹ ìyókù.

“Àǹtí, ta ló ń kanlẹ̀kùn yẹn?”

“Ìwọ ńkọ́, ta lo rò?”

“Olè ni.”

“Ó ti yá jù! Tá a bá mú olè lónìí, kí la fẹ́ gbọ́ lọ́la?” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Opó yẹn yọjú lójú fèrèsé. Bàtà ẹni náà tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀.”

Mo sún mọ́ ọn lórí ẹní.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé Àǹtí ò mọ̀wé kà.

Nígbà tí pépà tó kù dé lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n opó náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà nínú rẹ̀, ó gbé ọbẹ̀ wá. Mo wá bàtà tó tutù títí, mi ò rí i. Ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ìwé náà ò gbọ́ ìtàn yẹn dáadáa.