Fínnífínní àti Àlejò Inú Omi Iyọ̀

Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fínnífínní. Aṣọ tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, eṣinṣin pàápàá á tọrọ àyè kí ó tó bà lé e. Nígbà tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wálé. Ọwọ́ tí kò rí aṣọ oníbàárà mọ́ bá dojú kọ ilé. Àwo tí ìyàwó rẹ̀ bá fọ̀, á tún un fọ̀. Ilẹ̀ tí ó bá gbá, á tún un gbá.

"Baálé mi," ìyàwó á ní, "ṣé kì í ṣe èmi ló kù tí ẹ máa rì bọ inú bàsíà?"

Wọn á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ṣì ni nígbà náà.

Obìnrin yìí ní ìborùn kan tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ kí ó tó kú. Kò fọ̀ ọ́ rí, nítorí òórùn ìyá rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá korò, á mú un jáde, á fi imú sí i, ara rẹ̀ á sì wálẹ̀. Ní ọjọ́ kan ó ti ìta dé, ó bá ìborùn náà lórí okùn, ó ń dán yanran, ó ń ta sánsán ọṣẹ. Fínnífínní dúró ti okùn bí ẹni tó ń retí ìyìn. Obìnrin náà wọlé lọ. Ó di ẹrù díẹ̀, ó kọrí sí ilé ọmọbìnrin wọn.

Ó fi àpótí dígí rẹ̀ sílẹ̀ ní pálọ̀. Omi iyọ̀ bíi ti òkun ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú òkúta àti ẹja wẹ́wẹ́ méjì. Kí ọ̀rọ̀ ìborùn tó dé, ìgbà tí ó ra òkúta náà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja ọ̀ṣọ́ ni àlejò kan, ẹ̀dá òkun kékeré tó wà lára òkúta náà, bá a wọlé láìkanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ náà, Fínnífínní ti ń mú búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ láti fọ̀ ọ́ kúrò, ìyàwó rẹ̀ sì dá a dúró.

"Ẹ dúró ná! Ìdọ̀tí wo ló ń pa ẹnu dé?"

Obìnrin náà gbé awò sójú. Ìkarahun méjì ni, wọ́n so pọ̀ lẹ́yìn bí ìlẹ̀kùn àti férémù. Kò lẹ̀ mọ́ òkúta bí ẹni tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Okùn tín-ín-rín bí irun ló fi di òkúta mú. Bí òjìji ọwọ́ bá kọjá lókè rẹ̀, á pa dé pẹ́kẹ́.

"Kò ní fi ọwọ́ kan ẹja," ó ní. "Omi ló ń fà sínú, á sẹ́ ẹ, á jẹ ohun wẹ́wẹ́ tí ojú wa ò rí, á sì tu ìyókù."

Láti ìgbà náà ló ti ń bọ́ ọ. Á po ìyẹ̀fun ewé òkun mọ́ omi iyọ̀, á pa ẹ̀rọ tó ń da omi rú, kí oúnjẹ má baà sá lọ. Á fi sìríńjì aláìlábẹ́rẹ́ tu ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, kì í ṣe sínú ẹnu. Tí ó bá fà á tó, á tan ẹ̀rọ padà.

Nígbà tí ó lọ tán, bí ọkọ rẹ̀ bá pè é, kì í sọ ju ọ̀rọ̀ kan: "Àlejò mi ńkọ́?" Fínnífínní wá mọ̀ pé ìlẹ̀kùn kò tíì tì tán.

"Màá wá wò ó ní Sátidé," ìyàwó ní lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá bá a láàyè, àá jókòó sọ̀rọ̀. Bóyá màá tún sùn síbẹ̀."

Háà! Ọkùnrin náà jó yí pálọ̀ ká. Ó bọ́ àlejò yẹn bí ó ti rí i tí ìyàwó ń ṣe é, kò fo ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun náà sọ omi di ràkọ̀ràkọ̀ bí omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ, ìyẹn kò sì jẹ́ kí ó gbádùn. Bí ó bá ti bọ́ ọ tán, á fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ omi náà, á ha ohun aláwọ̀ ewé tó wà lára dígí àti òkúta. Ó ń fi ọ̀tún fún un lóúnjẹ, ó ń fi òsì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Omi wá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja dà bí ẹni tó so rọ̀ lójú òfuurufú.

Àlejò sì ya ẹnu. Fínnífínní gbé fóònù.

"Ìyá àwọn ọmọ, inú ẹ̀ ń dùn o! Tọ̀sán-tòru ló ya ẹnu gbàgà!"

Obìnrin náà ní, "Ẹ fi ọwọ́ kọjá lókè rẹ̀. Ṣé ó pa dé?"

Ó fi ọwọ́ kọjá. Ó tún fi kọjá. Ó ki ọwọ́ bọ omi, ó fọwọ́ kàn án.

"Ó... ó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́."

"Omi ńkọ́?"

"Omi kẹ̀? O ò tíì rí irú ẹ̀ rí! Ó mọ́ ju èyí tí à ń mu lọ!"

"Ebi lẹ fi pa á."

"Èmi? Èmi tí mò ń bọ́ ọ lójoojúmọ́?"

"Ẹ ń bọ́ ọ, ẹ sì ń fọ̀ ọ́." Ohùn rẹ̀ kò ga, ìyẹn ló burú. "Ẹ yọ ọ́ jáde kó tó jẹrà, kó má pa àwọn ẹja. Kí ẹ sì gbé àwọn ẹja náà lọ fún ẹlẹ́ja."

"Sátidé ńkọ́?"

"Sátidé wo?"

Nígbà tí Sátidé dé, ọmọbìnrin wọn nìkan ló wọlé, pẹ̀lú báàgì òfìfo méjì. "Ẹ kú ilé, Bàámi. Màámi ní kí n kó aṣọ àwọn wá."

"Wọn ò sọ nǹkan mìíràn?"

"Wọ́n kí yín."

Baba tẹ̀lé e wọ yàrá. Ó mú búláòsì kan lórí ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a, apá sórí apá, etí sí etí, bí ó ti máa ń ká a fún oníbàárà.

Ọmọ rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàámi, ẹ jẹ́ n ká a fúnra mi."

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un.