Ìgò Omi Òkun Tí Mo Gbé Bọ̀ Wá Sí Minna

Ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, ni mo jáde nílé wa ní Soje, ní Minna níbí. Ọ̀gá mi ní yàrá ìwádìí yunifásítì ní Gidan Kwano ló rán mi sí Àgbádárìgì. Ọdún méjìdínlógún ni bàbá náà ti ń lọ wọn ooru òkun ibẹ̀, tó sì ń bu ìgò omi kan bọ̀ wá fi wo iyọ̀ inú rẹ̀. Ojú kan náà ni, oṣù kan náà. Lọ́dún yìí, orúnkún kò jẹ́ kó lọ.

"Ràmátù, má jẹ́ kí ọdún kan fò mí o," ló wí.

Odò Ọya ni omi tó tóbi jù tí mo rí rí. Nígbà tí mo rí òkun, mo fà sẹ́yìn, mi ò ní purọ́. Bàbá apẹja tó fi ọkọ̀ gbé mi wọ inú rẹ̀ ki ọwọ́ bọ omi. "Kò gbóná báyìí nígbà èwe mi," ló wí. "Ẹja ti sá lọ síbú." Mo wọn ooru, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo bu omi sínú ìgò oníke funfun, mo dé e pa.

Lọ́jọ́ tí mo ń padà, a dúró kírun ní Mokwa. Mo fi ìgò sídìí àga, mo lọ ra àgbàdo sísun. Ẹ mọ̀ wá lójú ọ̀nà: omi tó bá wà nínú ọkọ̀, omi àlùwàlá gbogbo èrò ni, ẹnikẹ́ni kì í tọrọ rẹ̀. Ìgbà tí mo dé, Alfa ará Bosso tó jókòó tì mí ń tu omi lẹ́nu.

"Subhanallahi! Ta ló da iyọ̀ sómi?"

"Alfa, omi òkun ni! Ti ọ̀gá mi ni!"

Ó wo ìgò. Ó ti gbẹ. "Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí, "omi òkun tọ́ fún àlùwàlá." Ló bá lọ kírun tirẹ̀.

Ẹkún ń bọ̀ lójú mi. Dẹ́rẹ́bà ní tirẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Haba, Hajiya! Gishiri ne kawai," ìyẹn ni pé iyọ̀ lásán ṣá ni. Mo ra iyọ̀ igba náírà, mo pò ó mọ́ omi ẹ̀rọ. Alfa nìkan ló mọ bí ti àkọ́kọ́ ṣe rí lẹ́nu, òun ló ń tọ́ ọ wò.

"Ẹ fi díẹ̀ sí i. Ó kù. Hẹn-ẹ́n, òun nìyẹn! Ẹ má dárúkọ mi o."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá mi fọwọ́ méjèèjì gba ìgò náà. Ó ti ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀, ó ti kọ ọdún yìí sí i, ó fàlà sí i.

"O ṣé, ọmọ mi. Bí mi ò bá sí mọ́, èyí ni wọ́n á fi mọ bí òkun ṣe ń yí padà."

Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, ó mú kálámù.

"Ooru ńkọ́?"

"Ìyẹn jẹ́ òótọ́, sà. Mo wọ̀n ọ́n."

Ó kọ ọ́. Lójú ibi tí iyọ̀ yẹ kó wà, ó kọ ọ́ pé: "Alfa ti lò ó." Ó bú sẹ́rìn-ín, ó di orúnkún mú. Nígbà tó nu ojú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló ń nù.

Ẹ gbé omi yín lé itan bí ẹ bá ń rìnrìn àjò. Ẹni tó bá ṣí ìwé yẹn lọ́jọ́ iwájú máa rí ọdún kan tí òkun kò níyọ̀. Èmi ni mo fà á.