Fíìmù Tí Wọ́n Ká Bí Ẹní Lọ́nà Ìbàdàn

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi dé gáréèjì Ìgbó-Ọrà, àpótí onígi kékeré kan lọ́wọ́ mi. Fíìmù kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí à ń wò o: kírísítálì ni, ó fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, a tẹ́ ẹ sórí máíkà, òkúta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ṣeé tẹ̀. Iná mànàmáná inú rẹ̀ ní ibi tó kọjú sí; bí a bá fi iná láti òde tì í, á yí padà, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá tẹ máíkà náà díẹ̀, yíyí ọ̀hún lè rọrùn, ó sì lè le. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo fẹ́ wọ̀n n'Ìbàdàn kí n lè gboyè. Ẹ̀rọ tó ṣe fíìmù náà ti kú.

Àga méjì ni mo sanwó fún, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ àpótí mi. Ní Ẹ̀rúwà, dírẹ́bà wa, Bàbá Táyé, ta ìkejì fún ìyá àgbà kan.

"Mo ti sanwó àga yẹn!"

"Ọ̀mọ̀wé! Ṣé àpótí ní ìdí tó fẹ́ fi jókòó ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé àpótí lé itan.

Lórí òkè kan níwájú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ gbóná, omi rẹ̀ hó. Bàbá Táyé ní kí n lọ bu omi wá. Mo gbé àpótí sórí àga mi, mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" Ìgbà tí mo fi máa dé, Bàbá Táyé ti fi àpótí mi há táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà yí sẹ́yìn.

"Fíìmù mi dà?"

Ìyá àgbà fa nǹkan jáde nínú ìró rẹ̀. "Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Dírẹ́bà ní kí n bá òun mú un dání. Mo ká a bí ẹní, mo fi okùn dì í. Ohun tí a bá ká kì í ṣẹ́."

N kò lè bú ìyá. Bàbá Táyé ni mo bú.

"Ọ̀rá lásán yìí? Ẹ ra òmíràn."

N'Ìbàdàn, ọ̀gá tó ń mójú tó ẹ̀rọ ìwọ̀n so wáyà mọ́ ọn. Iná, tí kò yẹ kó kọjá, ń jò gba ara rẹ̀. Ó gbé e sábẹ́ maikirosíkópù: ó ti sán káàkiri.

"Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, á padà sípò," ó wí. "Èyí ti kọjá ààlà. Kò sóhun tí a lè wọ̀n."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo padà délé. Màmá mi bèèrè ìgbà tí n óò parí ẹ̀kọ́ mi. Mo ní n kò mọ̀. Bàbá Táyé jẹ̀bi: ó ta àga mi, ó tú àpótí mi. N óò sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò yìí kọ́ mi ní èyí tó dùn mí jù: láti Ẹ̀rúwà ni ìyá yẹn ti jókòó tì mí, èmi tí mo mọ bí ìtẹ̀ ṣe ń ba kírísítálì jẹ́, n kò sì fi gbólóhùn kan ṣàlàyé rẹ̀ fún un.